Etí Òsì Eku

Ọdún kan ààbọ̀ ni Ìyá Eku fi di ọ̀rọ̀ kan mọ́nú, kò sì jẹ́ kó tutù. Òun ló ń tọ́jú eku ní ilé ìwádìí: òun ní í bọ́ wọn, òun ní í fọ àgò wọn.

Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe níbẹ̀ ò ṣòroó sọ. Ó máa ń tan ìtànṣán sí ọpọlọ ìdajì àwọn akọ eku, á wá wò ó bóyá wọ́n ṣì lè gun abo. Kí wọ́n má baà dàrú mọ́ra, Ìyá Eku á gé ṣóńṣó etí òsì èyí tó rí ìtànṣán. Etí ọ̀tún ló ń gé fún èyí tí kò rí i. Nítorí pé òkùnkùn ni eku fi í wá abo, wọ́n bo fèrèsé yàrá náà lọ́sàn-án, gílóòbù pupa kan ló ń tàn bàìbàì níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kìíní ni Ìyá Eku ti rí àṣìṣe kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í fọwọ́ kan eku. Iwájú gíláàsì àgò wọn ló ń jókòó sí, tí òun àti eku á máa wojú ara wọn. Etí tó bá wà lápá òsì tirẹ̀ ló ń pè ní òsì. Ó gbàgbé pé ẹni tó bá dojú kọ ọ́, òsì onítọ̀hún ni ọ̀tún rẹ̀. Akọ tó rí ìtànṣán ń sùn ní kọ̀rọ̀, abo ń fimú tì í, kò dáhùn. Èyí tí kò rí nǹkan kan ló ń sáré kiri bí ọkọ ìyàwó tuntun. Òdìkejì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ sílẹ̀.

Ìyá Eku lọ bá a. “Ẹ má bínú sà, òsì eku lẹ ó máa wò, kì í ṣe òsì tiyín.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yí i ká. “Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ń gbá ìgbẹ́ eku fẹ́ kọ́ mi ní òsì àti ọ̀tún.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé obìnrin náà ń tojú bọ ohun tí kò kàn án. Bí ìgbéga tó ti ń retí láti ọdún mẹ́fà ṣe wọgbó nìyẹn.

“Lọ bẹ̀ ẹ́,” ni ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, wí nílé.

“Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu mi kì í ṣe rédíò.”

“Inú ń bí ẹ.”

“Inú ò bí mi.”

Ọ̀bẹ tó fi ń rẹ́ àlùbọ́sà fẹ́rẹ̀ẹ́ la pákó já. Télọ̀ ò gbà á gbọ́. Ta ni yóò gbà á?

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dákẹ́. Ó ń gé etí, ó ń kí ọ̀gá rẹ̀ “ẹ káàárọ̀ sà” tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó sì ń wo irun tó ń re lórí àwọn eku tí ìtànṣán bà. Lábẹ́ gílóòbù pupa yẹn, ẹni tí kò bá gbé eku lọ́wọ́ ò lè rí i. Nígbà tó yá, Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ káàkiri pé ìtànṣán tó wọ ọpọlọ ń fi kún agbára akọ. Ìyá Eku rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tí yóò ṣubú, ẹ jẹ́ kó gun òkè dáadáa ná.

Ọjọ́ tí àwọn àgbà onímọ̀ wá yẹ iṣẹ́ náà wò, ìyá arúgbó kan nínú wọn ní kí wọ́n gbé eku kan jáde síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìyá Eku ló yan èyí tó gbé. Ó gbé e lé tábìlì, ó kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀gá rẹ̀ gan-an.

“Èwo nìyí?” ni ìyá arúgbó béèrè.

“Etí ọ̀tún la gé,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn wéré. “Kò rí ìtànṣán rí.”

Ìyá arúgbó fìka kan àtàrí eku náà. Ó pá kodoro. “Kí ló wá jẹ irun orí rẹ̀?”

Ìyá Eku yí eku náà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kẹ̀yìn sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. “Ẹ tún un wò báyìí, sà.”

Etí òsì ni.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?” ni ìyá arúgbó bi í.

“Láti ọ̀sẹ̀ kìíní, mà. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní mò ń tojú bọ ohun tí kò kàn mí.”

Wọ́n da gbogbo àbájáde náà nù. Wọ́n pa àwọn eku náà pẹ̀lú, kí wọ́n lè fi tuntun bẹ̀rẹ̀. Ìyá Eku mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan; ìyẹn dùn ún. Kò dùn ún débi àbámọ̀.

Àwọn onímọ̀ náà ti pàṣẹ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ ara rẹ̀ mú eku kó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá eku.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú un.”

Ó na ìgbálẹ̀ sí i. “Ìgbẹ́ wọn la fi ń bẹ̀rẹ̀, sà.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Eku fa àpótí, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀.

“Ó ṣì kù lápá òsì, sà,” ó ní. “Òsì tiyín.”