Kí Ló Pa Èmi àti Kọmíṣọ́nà Pọ̀?

Láyé àwọn sójà ni, nílé ọkọ mi ní Ìdúmàgbò. Ọlọ́pàá kan tó ń kọjá lọ gbọ́ igbe mi, ó wọlé, ó sì ká àga tí ọkọ mi fi ṣẹ́ mi lápá mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti kóòtù Igbosere nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe gba béèlì ẹ̀ tán, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́ mi. Ìyá ọkọ mi, tí kì í dáhùn bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, wá ń bu ẹran sínú ọbẹ̀ mi. Mo máa ń yí ẹran náà wò dáadáa kí n tó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alfa àdúgbò wa pè wá jọ sí pálọ̀.

"Ìyàwó wa, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Fi ti Ọlọ́run ṣe é, lọ fa ẹjọ́ yẹn kúrò."

Mo ní mo ti gbọ́. Ọkọ mi dorí kodò bí ẹni tó ronú pìwà dà, àmọ́ mi ò gbà á gbọ́.

Ìyá ọkọ mi fúnra ẹ̀ ló mú mi lọ sí Igbosere. Mo sọ fún ọlọ́pàá tó ń rojọ́ níbẹ̀ pé mo ti dárí ji ọkọ mi.

"Màdáámù, ẹjọ́ yín kọ́ nìyí. Witness lẹ jẹ́. Ẹjọ́ Kọmíṣọ́nà ni."

Mo rò pé rìbá ló ń wá, àmọ́ ó ti yíjú sí ẹlòmíì. Ìyá ọkọ mi bá jáwọ́ lára mi.

"Kọmíṣọ́nà wo?"

"Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá, mà. Orúkọ ẹ̀ ló wà lórí ẹjọ́."

Ìyá ọkọ mi wò mí látòkèdélẹ̀. "Kí ló pa ìwọ àti Kọmíṣọ́nà pọ̀?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo agboolé ti gbọ́ pé mo ní ọkùnrin ńlá kan níta. Ọkọ mi bi mí níbi tí mo ti pàdé ẹ̀. Ó ní ọkùnrin kì í dédé bá ìyàwó oníyàwó rojọ́. Inú bí mi gan-an. Èmi tí mi ò rí Kọmíṣọ́nà rí, àfi nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá ọkọ mi ní kí n sọ fún adájọ́ pé orí àtẹ̀gùn ni mo ti ṣubú. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi á padà sínú yàrá mi, apá kan ṣoṣo ló sì kù fún un láti ṣẹ́.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, wọ́n pe orúkọ oyè Kọmíṣọ́nà bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo ẹjọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì pe ọkọ mi tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ mi na ọrùn, ó ń wá ọkùnrin náà láàárín èrò. Wọ́n fún mi ní Kùránì, mo búra.

"Kí ló ṣe apá yín?" ọlọ́pàá tó ń rojọ́ bi mí.

Mo wo Alfa lórí bẹ́ǹṣì. Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo pe ọkọ mi lẹ́jọ́. Kọmíṣọ́nà ni. Kí àwọn méjèèjì má ṣọ̀rẹ́ mọ́.

"Ọkọ mi ló fi àga ṣẹ́ ẹ," mo ní.