Ṣùkú Tí Kò Jẹ́ Kí Ọwọ́ Mi Kan Etí

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìsàlẹ̀ Òsì, kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ wọ ilé ìwé. Wọ́n á ní kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí, kí o fi kan etí òsì. Bó bá kàn án, o ti tó nìyẹn. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ ọ́n. Ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe fi rẹ́ mi jẹ.

Èmi àti Làsísì, ọmọ àbúrò bàbá mi, la jọ dàgbà nínú agboolé kan náà. Mo jù ú lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, mo ti hu eyín méjì, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé àwo kan ṣoṣo síwájú wa, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mú ẹran. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ẹran yìí o. Ibẹ̀ gan-an lẹjọ́ wà.

Nígbà tó ku ọ̀la ká lọ sílé ìwé kékeré tó wà nísàlẹ̀ Mápó, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, fi òrí pa wá lápá, ó ń fà á bí ẹni tó fẹ́ kó gùn sí i. Ó wá ní ọmọ òun ò ní gbé irun játijàti lọ síwájú tíṣà. Ló bá di ṣùkú fún mi, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sátàrí, ó ga gogoro. Ó le débi pé n kò lè ṣẹ́jú dáadáa. Ní ti Làsísì, wọ́n fá orí rẹ̀ kodoro.

Ẹ ti rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ mi gun ṣùkú, ó dé òkè, kò lè sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì.

"Kò tíì tó," ni tíṣà wí. "Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo ké pé, "Irun ni o, kì í ṣe orí!"

Ìyá Àgbà tó mú wa wá ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tú u."

"Ìyá, èrò pọ̀ lẹ́yìn yín."

Ó wá kan Làsísì. Ó rọra tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ kan etí. Mo pariwo pé, "Ó tẹ orí!" Wọ́n ní mo ya aláfojúdi, kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè. Ọwọ́ tí wọ́n ní kò gùn tó náà ni wọ́n ní kí n nà o!

Nírọ̀lẹ́, wọ́n gbé àmàlà wá, Làsísì sì kọ́kọ́ nawọ́ sí ẹran. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ta ni kò tíì tó?" ló bi mí.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Síkírá, fi akọ̀wé sílẹ̀ kó mú ẹran."

Báyìí ni wọ́n ṣe gba ipò ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo wọlé lọ́dún kejì, Làsísì ti di sẹ́níọ̀, èmi ni mò ń pọn omi fún kíláàsì wọn. Mo kàwé dé yunifásítì, òun ń ta aṣọ ní Ọjà'ba, síbẹ̀ kò dá ẹran mi padà.

Lóde òní, ọmọ ọdún méjì ń lọ sílé ìwé pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Kálukú ló ní àwo tirẹ̀, wọn ò mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ nawọ́. Nígbà Iléyá tó kọjá, tí wọ́n gbé àwo ẹran kan ṣoṣo síwájú èmi àti Làsísì, mo ní kó tún nawọ́ náà, kó gbé orí dúró ṣánṣán. Èjìká kọ̀, ọwọ́ kò kọjá iwájú orí.

"Ìwọ náà nà án," ló wí.

Irun mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ṣùkú. Síbẹ̀, ọwọ́ tèmi náà ò débì kan.

Ọmọ-ọmọ mi, tó ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu mi, wò wá. "Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì tó. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Làsísì bú sẹ́rìn-ín, ó dijú. Kó tó lajú, mo ti mú ẹran.