Òkèlè Tí Wàlíyátù Kò Gbé Mì

Ẹ sún mọ́bí kẹ́ ẹ gbọ́ ti Sàídátù ará Ẹ̀jìgbò. Ìsundunrin tó wà lágbègbè Ẹ̀jìgbò ni wọ́n bí i sí, Àbíjàn ló ti ta aṣọ títí orí rẹ̀ fi funfun, kó tó padà wálé wá bá Wàlíyátù, àbúrò rẹ̀, gbé. Láti kékeré ni ìyá wọn ti ń bu oúnjẹ fún wọn nínú àwo kan. Wọ́n dàgbà tán, wọn ò pín in. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé a máa dúró de èkejì.

Ìgbà tí jẹjẹrẹ yọ lọ́mú Sàídátù, Wàlíyátù ló ń sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń fa oògùn sí i lára. Oògùn yẹn! Ó ń lé olè, ó sì ń fọ́ ìkòkò onílé. Irun rẹ̀ re dànù. Ẹnu rẹ̀ bó, omi lásán ń ta á. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, ẹ má jẹ ata o. Ẹ máa fi omi oníyọ̀ fọ ẹnu. Kẹ́ ẹ sì máa jẹun, bó ṣe díẹ̀díẹ̀ ni! Bẹ́ ẹ bá rù jù, a ò ní lè fún yín lóògùn mọ́." Ó kọjú sí Wàlíyátù: "Kì í ràn o. Ẹ máa bá wọn jẹun."

Wàlíyátù a tẹ ẹ̀bà rírọ̀, a se ilá tí kò láta. "Ẹ máa jẹ ná, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣẹ́ tèmi kù, màá lọ bu ata sí i."

"Alátẹnujẹ! Ata á jó ahọ́n ẹ tán lọ́jọ́ kan."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àdájẹ kì í gba ọ̀fun Sàídátù lọ. Á tọ́ ọ wò, á ṣẹ́ èyí tó pọ̀ kù fún àbúrò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, èébì gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ló bá bá Wàlíyátù níbi tó ti ń da ìṣẹ́kù náà fún adìẹ, kẹ́tù omi gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò fi bó àwo bí ẹni ń bó adìẹ.

"Wàlí, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ó ti kan ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí ẹ̀?"

Wàlíyátù wolẹ̀. "Wọ́n ní... wọ́n ní ó máa ń gba inú oúnjẹ ràn."

"Ṣé etí ẹ kọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ ọ́ sí ni?"

Sàídátù gba àwo náà. Ó bu òkèlè nínú èyí tó kù, ó rì í sínú ilá, ó nà án sí i. "Gbà. Jẹ ẹ́ lójú mi."

Wàlíyátù fi sẹ́nu. Ó ń yí i káàkiri, ẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, kò gbé e mì. Nígbà tó yá, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tu ú sílẹ̀. Adìẹ sáré dé.

Sàídátù ní, "Àrùn tó wà lọ́mú mi, dókítà ti fi hàn mí. Ìwọ ni ẹnikẹ́ni ò fi hàn mí."

Ó gbé àwo wọlé, ó jókòó. Ẹnu ń ta á, omijé ń kán sínú ilá, ó ń gbé e mì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn," ni Wàlíyátù ń wí lẹ́nu ọ̀nà.

Sàídátù bu òkèlè mìíràn.