Ọkọ̀ Haleem tí Rájí Lóun Kò Mọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Rájí jẹ́, kó má bi Rájí fúnra rẹ̀, torí kò ní sọ nǹkan kan. Èmi Ìyá Kọ́lá ni kẹ́ ẹ bi. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń ra okùn lọ́wọ́ mi ní Jáńkárà, mo sì fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, nítorí náà mo lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù mí.

Iṣẹ́ òmùwẹ̀ ni Rájí ń ṣe. Ọkọ̀ ojú omi tó bá rì sétí ọ̀sà, láti ẹ̀yìn Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé CMS, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá gbé e jáde. Kò ní ẹ̀rọ kankan ju àgbá òfìfo mẹ́jọ lọ. Bí omi bá fà, á wọ ìsàlẹ̀ lọ, á so àwọn àgbá náà mọ́ ọkọ̀ lára, á wá jókòó sí èbúté, á máa jẹ ẹ̀pà. Bí omi bá ti ń kún padà, àwọn àgbá á máa gbé ọkọ̀ bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní àgbá òfìfo ló máa ń pariwo jù, àmọ́ ti Rájí kì í pariwo, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Omi ibẹ̀ dúdú. Béèyàn bá lajú nínú rẹ̀, kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ ni Rájí fi ń ríran níbẹ̀. Á fọwọ́ pa ọkọ̀ lára nísàlẹ̀ omi, bó bá sì jáde, á sọ fún ọ ẹni tó kàn án, ẹni tó ni ín, àti ọdún tí wọ́n pààrọ̀ pákó ìdí rẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ó ṣì í.

Haleem, tó ń fi ọkọ̀ onípákó kó èrò lọ sí Ìkòròdú, ọ̀rẹ́ Rájí ni. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé ní Ìta Fájì. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta pa Haleem. Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe opó bí ẹ̀sìn wọn ṣe ní kí wọ́n ṣe é: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nínú ilé. Ọkọ̀ wá kù sí èbúté láìsí ẹni tí yóò máa gbọ́n omi inú rẹ̀. Rájí ló gbà á ṣe. Àràárọ̀ ló ń lọ gbọ́n ọn. Nígbà tó di oṣù Òkúdù, iṣẹ́ gbé e lọ sí Bàdágírì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òjò kò sì dúró dè é. Kó tó dé, ọkọ̀ Haleem ti wà nísàlẹ̀ omi.

Ojú tì í. Ó ní báwo lòun ṣe máa lọ bá obìnrin nínú opó, kóun sọ fún un pé ọkọ̀ tóun ń bá a tọ́jú ti rì. Mo ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ ọ́, tàbí kó rán ìyàwó rẹ̀. Ó ní ó dìgbà tóun bá gbé e jáde. Kó tó rí àyè so àgbá mọ́ ọn, ìkéde ti jáde.

Ìjọba ló gbéṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kan pé kí wọ́n kó gbogbo ọkọ̀ tó rì àti èyí tí wọ́n pa tì kúrò ní èbúté. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri káàkiri. Ẹni tó bá ni ọkọ̀, kó wá fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, kó san owó ìgbéjáde pẹ̀lú owó ìtanràn, kó sì máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ẹni tó ni ín, wọn ò ní dúró de ọjọ́ náà, wọ́n á gé e, wọ́n á ta pákó àti irin rẹ̀, ibẹ̀ ni owó iṣẹ́ á ti jáde. Rájí náà ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ta ni wọn ì bá tún gbà?

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Haleem jáde, mo wà níbẹ̀, mo gbé okùn wá. Akọ̀wé iléeṣẹ́ náà ṣí ìwé rẹ̀.

"Bàbá, na who get this one?"

Rájí ti fọwọ́ pa ọkọ̀ náà, ó mọ̀ pé kò sí ibi tó jẹrà lára rẹ̀. Ó sì mọ iye tí wọ́n ń gbà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà. Ó ro ti Sàfúrátù, tó ń ta ata gbígbẹ tẹ́lẹ̀, tí kò sì tajà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó rò ó pé bóun bá dárúkọ rẹ̀, gbèsè lòun fi kọ́ ọ lọ́rùn.

"Mi ò mọ ẹni tó ni ín," ló wí.

Mo wò ó, kò wò mí. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, àánú ló sì fi pa á. Èmi náà mọ ọkọ̀ yẹn, mo sì dákẹ́. Mo rò pé ó gbọ́n. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi tí mo máa ń pa òwe yẹn fún ọmọdé, ojú mi ni wọ́n ṣe fá a.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gé ọkọ̀ náà. Rájí dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi parí, kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé Qaanitah, ọmọ Sàfúrátù, ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọkọ̀ ti rì, ó sì ti ka ìkéde náà fún un lọ́jọ́ tó jáde. Sàfúrátù ní kó bá òun ta ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà méjì tí Haleem fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ó sì kó àjọ rẹ̀ lé e. Ó ti rí awakọ̀ tí yóò máa bá a wa ọkọ̀ náà, kí owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé lè máa wọlé. Ó ti ka ọjọ́ pẹ̀lú. Ọjọ́rú ni opó rẹ̀ máa parí, ọjọ́ kọkànlélógún á sì bọ́ sí Jímọ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan, torí èèyàn kì í pariwo owó ní Ìta Fájì.

Ní Ọjọ́rú yẹn, èbúté ni Sàfúrátù kọ́kọ́ gbà lọ. Ó di owó náà mọ́ abẹ́ ìró, Qaanitah tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ kí Rájí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún omi tó bá a gbọ́n. Lẹ́yìn náà ló béèrè ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ òun sí.

Rájí nawọ́ sí òkìtì pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ìkankan pamọ́. Sàfúrátù gbọ́ ọ títí ó fi parí.

"Bọ̀ọ̀dá, iwájú fèrèsé mi lẹ ń gbà kọjá lójoojúmọ́," ló wí. "Ẹ ò bi mí."

Rájí ní òun kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu nínú opó ni.

"Ọkọ mi ló kú. Èmi ò kú."

Obìnrin náà jókòó sórí pákó yẹn, ó sunkún tí kò sun lọ́jọ́ tí wọ́n sin Haleem. Èmi náà sunkún, mi ò sì kí ń ṣe ẹni tí ẹkún yá lójú. Rájí gbé gbogbo owó tí wọ́n san fún un lórí ọkọ̀ náà wá, Sàfúrátù kò gbà á. Wọ́n lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kí wọ́n lè ra ẹ̀gbà náà padà, ó ní òun ti yọ́ ọ.

Sàfúrátù ti padà sídìí ata. Àràárọ̀ ló ń wọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú láti lọ rajà, èbúté tí Rájí ń jókòó sí náà ló sì ń gbà. Á kúnlẹ̀, á kí i bó ṣe ń kí i látijọ́.

"Ìyá Kọ́lá, ó sàn kó bú mi," Rájí wí fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo ní kó lọ bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó lóun ti forí jì mí. Á sọ bẹ́ẹ̀ tán, á wá lọ sanwó wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn."