Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ọ́fíìsì

Ọdún kẹta tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní New York ni wọ́n fi mí sọ́dọ̀ màmá aláwọ̀ funfun kan ní Co-op City. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Jamaica, ní New York níbẹ̀ náà, ni mò ń gbé. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń jáde. Bọ́ọ̀sì kan á já mi sílẹ̀, màá tún wọ òmíràn. Tí mo bá fi máa débẹ̀ láago mẹ́jọ, á ti rẹ̀ mí bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ yẹn tán.

Tíṣà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni màmá yìí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ wọn ló kọṣẹ́, ọpọlọ wọn pé. Nígbà tí Ràmádáànì bẹ̀rẹ̀, wọ́n rí i pé mò ń dín ẹyin fún wọn láràárọ̀, èmi ò sì fẹnu kan omi.

“Ṣé o mọ ìtumọ̀ breakfast?” wọ́n bi mí.

Mo ní oúnjẹ àárọ̀ ni.

“Pín in sí méjì. Break ni kí a já nǹkan, fast ni ààwẹ̀. Ẹni tó sùn mọ́jú ti gbààwẹ̀. Oúnjẹ tó bá kọ́kọ́ jẹ ló fi já a.” Wọ́n ní fast yẹn gan-an, kó tó di ààwẹ̀, kó tó di kíákíá, kí nǹkan dúró gírígírí ló kọ́kọ́ túmọ̀ sí.

Mo ní ìṣínu la ń pe tiwa, kí a ṣí inú. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn, mo kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé kan.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ti àwo ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Mà, ẹ ò lè lo oògùn yín láìjẹun.”

Wọ́n mirí. Mo bẹ̀ wọ́n títí ó fi sú mi. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ká fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Mo mú fóònù, mo kọ ọ́ pé màmá ti “give up” oúnjẹ. Lọ́kàn tèmi, wọ́n fi í sílẹ̀ láàárọ̀ yẹn ni. Àwọn tó kà á gbà pé ayé ti sú màmá.

Kò pé wákàtí kan tí nọ́ọ̀sì fi dé. Ọmọ wọn obìnrin ń sunkún lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ń bi màmá bóyá wọ́n ń rò ó láti pa ara wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

“Ta ló ní mo give up?” Màmá jágbe. “Ẹni tó bá kó kọ́kọ́rọ́ ìlú ẹ̀ fún ọ̀tá ló give up. Èmi ń dúró de obìnrin yìí ni, kí oòrùn wọ̀, ká jọ jẹun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá jẹun.”

Nọ́ọ̀sì rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹyin náà ní tútù, tí wọ́n lo oògùn. Ó wá kọjú sí mi, ó ní nígbà mìíràn kí n kọ ọ́ pé wọn ò jẹun, kí n dákẹ́ síbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo fi dàbínù ṣínu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ń jẹ búrẹ́dì.

“Ẹ má bínú, mà.”

“Jẹun,” ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ́fíìsì pè mí pé wọ́n ti gbé mi lọ sí Flatbush, sọ́dọ̀ bàbá kan tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn ò gbà kí n pe màmá, èmi náà ò sì pè wọ́n. Mo máa ń sùn lọ nínú ọkọ̀ báyìí. Tí mo bá fi máa jí, á ti gbé mi kọjá ibi tí mo ti ń sọ̀.