Ẹni Tí Kì Í Ti Ilẹ̀kùn

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, kì í ti ilẹ̀kùn. Nílé rẹ̀ ní Ìdóàní, òkúta ló fi ń dá gbogbo ilẹ̀kùn dúró ní ṣíṣí, títí kan ti ṣáláńgá. Bí a bá ní olè lè wọlé, á ní, "Ta ló tó ja ẹni tó ja ogun Bọ́mà lólè?" Ìgboyà ni àwa pe ìwà yìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1985, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe dókítà lókè òkun sanwó kí èmi àti Bàbá lọ wo bárékè tó gbé ní Índíà nígbà ogun náà. Bárékè ti di ibi ìgbafẹ́. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì. Amọ̀nà wa fi yàrá kékeré kan hàn wá, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń ti àwọn sójà tó bá ṣẹ̀ mọ́. Bàbá dúró. Ó di ọwọ́ mi mú.

Mo ní, "Ẹ wọlé, Bàbá, kí n yà yín ní fọ́tò."

"Ṣé wọn ò ní tì í?"

"Ẹ̀yin, jagunjagun!"

Ó wọlé. Èmi tí mo jáde yunifásítì, tí mo rò pé mo gbọ́n, mo rẹ́rìn-ín, mo sì ti ilẹ̀kùn irin yàrá náà mọ́ ọn. Ọ̀pá ìdábùú rẹ̀ já wálẹ̀, ó há. Amọ̀nà sáré lọ wá òòlù.

"Bàbá! Bàbá!"

Mo fi etí lé ilẹ̀kùn náà. Ohùn kan dáhùn nínú yàrá náà, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tí n kò gbọ́ lẹ́nu Bàbá rí:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i, sà. Mi ò ní sá mọ́."