Agogo Màmá Tsuyako

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Tsuyako Narita ti fi ń ṣe alábòójútó kòtò omi tó gba ẹ̀gbẹ́ òpópónà wa kọjá, nílùú Kuromori ní àríwá Jàpáánù. Kì í ṣe ìjọba ló yàn án. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ papòdà, ó wọ bàtà rọ́bà ọkọ, ó mú agogo ọkọ, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Yìnyín tiwa lè ga dé ìbàdí àgbàlagbà láàárín ọjọ́ kan. Ní aago méje òwúrọ̀, ìjọba a ṣí omi odò sínú kòtò, Màmá Tsuyako a lu agogo, olúkúlùkù a ṣí ìdérí irin iwájú ilé rẹ̀, a sì máa ju yìnyín sínú omi tó ń ṣàn. Òfin Màmá kò pọ̀: gé e wẹ́wẹ́ kí o tó jù ú, bí agogo bá dún lẹ́ẹ̀kejì, dé kòtò rẹ padà. Bí ẹnìkan bá ju odidi òkìtì, omi yóò dí, yóò sì ya wọ ilé àwọn ará òkè.

Omi ya lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Nishidate, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ojú pópó, wá kìlọ̀ pé bí ó bá tún dí, wọn yóò ti omi náà pa títí láé. Ilé mọ́kànlá ni wá; ẹni tó kéré jù nínú wa ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Bí omi bá lọ, ta ni yóò ru yìnyín wa?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, omi tún ya. Nishidate dé, ìwé àṣẹ láti ti omi pa lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú, mo ti sọ fún yín. Ẹ lọ sinmi nídìí sítóòfù tí ẹ fi ń yáná."

"Sinmi kẹ̀? Ṣé mo sọ fún ẹ pé ó rẹ̀ mí ni?"

Baba Eikichi, aládùúgbò rẹ̀, fà á láṣọ. "Tsuyako, fi í sílẹ̀. Ìjọba nìyẹn."

"Tú aṣọ mi sílẹ̀ o, Eikichi! Ìwọ tí o kì í gbé ìdérí kan láìpariwo pé ẹ̀yìn ń dùn ẹ́, ìwọ lo wá mọ ìjọba?"

Màmá lọ sí oríta, níbi tí kòtò ti dí, ó sì sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Omi mù ún dé orúnkún. Ó fi ọ̀pá irin tú òkìtì yìnyín tó dí i, ṣùgbọ́n kò fọ́ ọ. Ó pè wá, a jọ wọ́ ọ sókè.

"Ọmọ mi, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀," ni ó wí fún Nishidate. "Fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà ń dán bí àwo, ojú ibi tí abẹ irin ti gé e hàn lára rẹ̀ gbọọrọ. Òkúta wẹ́wẹ́ dúdú tí ìjọba ń dà sí títì ńlá kí ọkọ̀ má bàa yọ̀, tí kò sí ní òpópónà tiwa, ló kún inú rẹ̀. Katakata tí ìjọba fi ń ha yìnyín kúrò lójú títì ló fọ́ ìdérí oríta, tó sì ti yìnyín wọ kòtò.

"Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́," ni Màmá wí. "Àbí èmi ni mo wa katakata?"

Nishidate wo ilẹ̀. "Ìwé ti jáde, Màmá. Wọ́n ti ti omi pa."

"Ó dáa. Ẹrù yín rèé, a ó gbé e wá fún yín."

A gbé òkìtì náà sórí pákó tí a fi ń wọ́ yìnyín, gbogbo ilé mọ́kànlá fà á dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn. Òtútù kò jẹ́ kó yọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ọ̀gá fi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní ọjọ́ kẹrin, Nishidate fúnra rẹ̀ ló gbé ìdérí tuntun wá sí oríta. Ní aago méje, omi ṣàn. Agogo dún.

"Eikichi!" Màmá kígbe. "Gé e wẹ́wẹ́!"